Ajá Orí Ìso àti Omi Mímu Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń sin ajá ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá lónìí, bíi Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, oúnjẹ ajá ni ó máa ń gba ìrònú olówó rẹ̀ jù, ìbáà jẹ́ ẹ̀bà tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ pò, ìbáà jẹ́ oúnjẹ gbígbẹ inú àpò tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà. Omi mímu rẹ̀ kì í gba irú ìrònú bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé kò sí ajá tí kò mọ bí òun yóò ṣe rí omi mu. Ìgbàgbọ́ yìí tọ̀nà nígbà kan. Ajá ìbílẹ̀ tí ń rìn káàkiri abúlé, tí ó sì ń bá ọdẹ wọ igbó, a máa lá omi létí odò tàbí nídìí àmù, bí òùngbẹ bá sì gbẹ ẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wá a lọ. Ajá orí ìso kò ní àǹfààní yẹn. Alsatian, Rottweiler tàbí Boerboel tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ẹ̀yìn géètì, tàbí tí wọ́n tì mọ́ inú àgò onírin láti àárọ̀ di alẹ́, kò lè mu ju ohun tí wọ́n bá bù síwájú rẹ̀ lọ, èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó so ajá mọ́lẹ̀ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè omi.

Omi ni ó kó ju ìdajì ara ajá lọ. Ní ara èyí tí ó ti dàgbà, ó máa ń tó nǹkan bí 60 sí 70 nínú 100, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ara ọmọ ajá. Omi yìí ni ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn, òun náà sì ni kíndìnrín, ìyẹn ẹ̀yà ara tí ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, fi ń ti ìdọ̀tí náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ omi le fún ajá ju bí ó ti le fún ènìyàn lọ ni ọ̀nà tí ó ń gbà tu ara rẹ̀ lára. Ènìyàn a máa làágùn káàkiri ara, bí òógùn náà bá sì ti ń gbẹ ni ooru ń bá a lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń làágùn tí ó tó nǹkan, irun sì bo ìyókù ara rẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi rọ́pò òógùn: yóò la ẹnu, yóò yọ ahọ́n síta, yóò máa mí lemọ́lemọ́, kí afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lórí ahọ́n àti nínú imú lè máa gbé ooru lọ pẹ̀lú omi tí ó wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ajá bá ń mí bẹ́ẹ̀, omi ara rẹ̀ ni ó ń ná. Ara ajá tí kò ní àrùn máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá kọjá 41, ewu ẹ̀mí ti wọ̀ ọ́, ajá onímú pẹlẹbẹ bíi Bulldog ni ó sì máa ń tètè dé ibẹ̀, nítorí pé ihò imú rẹ̀ kò gba afẹ́fẹ́ tó. Ìgbà ọyẹ́ náà ní ewu tirẹ̀, bí òtútù òwúrọ̀ tilẹ̀ ń tan olówó ajá láti rò pé òùngbẹ kò gbẹ ẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sahara ń fa omi lára rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́.

Ọ̀nà tí ajá ń gbà mu omi pàápàá yẹ ní mímọ̀. Ajá kò lè fi ètè fa omi bí ẹṣin tàbí màlúù, nítorí pé ẹnu rẹ̀ là sẹ́yìn ju ohun tí ó lè pa dé lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni ó ń ká ahọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, tí ó sì ń fi bu omi bí ẹni fi ṣíbí bu ọbẹ̀. Ní ọdún 2011, A. W. Crompton àti Catherine Musinsky, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ àwòrán x-ray wo ajá bí ó ti ń lá omi, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú omi tí ahọ́n bá bù bẹ́ẹ̀ ni ó ń dà nù. Omi tí ó lẹ̀ mọ́ ahọ́n, tí ó sì bá a gòkè nígbà tí ajá yára fà á wọlé, ni ajá ń pa ẹnu dé mọ́. Ẹni tí ń bá ajá wí pé ó ń da omi sílẹ̀ ń jẹ ẹ́ níyà lórí ohun tí a dá mọ́ ọn. Abọ́ tí ó fẹ̀, tí ó jìn, tí ó sì wúwo ni ó bá irú ẹnu yẹn mu, kì í ṣe ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ṣéènì lè gbá dànù.

Ní ti ìwọ̀n, ajá tí ó dàgbà máa ń fẹ́ nǹkan bí mìlílítà 50 sí 60 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n lójúmọ́. Bí a bá fi omi inú ọ̀rá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí píọ̀ wọ́tà wọ̀n ọ́n, tí ọ̀rá kan gba mìlílítà 500, ajá oníkílò 20 yóò fẹ́ ọ̀rá méjì ó lé díẹ̀, Rottweiler oníkílò 40 yóò sì fẹ́ ọ̀rá mẹ́rin sí márùn-ún. Abo tí ń fún ọmọ lọ́mú àti ajá tí ń sáré nínú oòrùn yóò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Irú oúnjẹ náà ń kó ipa nínú rẹ̀: omi inú oúnjẹ gbígbẹ kò ju nǹkan bí 10 nínú 100 lọ, nígbà tí ti oúnjẹ inú agolo lè lé ní 70, àjẹkù ọbẹ̀ tí iyọ̀ àti Maggi pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń dá kún òùngbẹ. Mímu àmujù pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Ajá tí ń mu ju mìlílítà 100 fún kílò kan lọ lójúmọ́, láìsí pé ooru mú, lè ní àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín. Bí ó bá jẹ́ abo, ó lè jẹ́ pé ilé-ọmọ rẹ̀ ti kó ọyún, ìṣòro tí kò ṣeé fi di ọjọ́ kejì.

Omi púpọ̀ tí kò mọ́ kò sàn ju omi díẹ̀ lọ. Itọ́ àti èérún oúnjẹ ni ó máa ń di ohun tí ń yọ̀ bọ̀rọ́ nínú abọ́, tí kòkòrò àrùn sì ń fi ṣe ilé. Dída omi tuntun lé e lórí kò ṣí i kúrò, àfi kí wọ́n fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Abọ́ tí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn, ti ń jà nínú rẹ̀ ti di ewu fún àwọn ọmọ ilé pẹ̀lú. Èyí tí ó burú jù ni ìtọ̀ eku, tí ó lè gbé bakitéríà àrùn leptospirosis sínú omi tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́jú, tàbí sínú àgbàrá àti gọ́tà tí ajá bá lá. Àrùn yìí a máa ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ran ènìyàn láti inú ìtọ̀ ajá tí ó ti kó o. Omi tí olówó ajá kò lè mu, kí ó má ṣe bù ú fún ajá.

Èrìgì ajá tí omi ara rẹ̀ pé máa ń tutù, ó sì máa ń yọ̀. Bí ó bá gbẹ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí ojú wọnú, tí awọ ẹ̀yìn ọrùn tí wọ́n fà sókè kò sì tètè padà sí àyè rẹ̀, omi ti dín lára rẹ̀ gan-an. Kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n máa fún un ní omi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì wá dókítà ẹranko. Bí ó bá jẹ́ pé ooru ni ó mú un, kí wọ́n fi omi lásán rin ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa fẹ́ ẹ. Ọmọ ajá tí ń bì, tí ó sì ń ṣu ẹ̀jẹ̀, kò ní àkókò láti fi ṣòfò, torí pé omi tí àrùn parvo ń fà jáde lára rẹ̀ lè pa á láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ ajá tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó fẹ́ mu omi tí kò sì lè gbé e mì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wo eegun tí ó há a lọ́fun: àrùn dìgbòlugi a máa rọ iṣan ọ̀fun bẹ́ẹ̀, itọ́ náà ni ó sì fi ń ran ènìyàn.

Ìgbà ìrìn-àjò ni ajá orí ìso ń jìyà omi jù. Ẹni tí ń lọ sílé ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì a bu omi ọjọ́ mẹ́ta sínú korobá kan, ajá a sì gbá a dànù kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì. Ẹni tí kò bá ní aládùúgbò tàbí mọ̀lẹ́bí tí yóò máa wọlé bu omi láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kò tíì tó ẹni tí ń so ajá mọ́lẹ̀.