Kì Í Ṣe Gbogbo Páìnì Ni Páìnì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìrèmọ àti káàkiri Ilé-Ifẹ̀, ẹnìkan nínú yín ra ọmọ igi tí wọ́n pè ní páìnì. Pákó ni ó fẹ́ là lára rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí ó gbìn, páìnì kọ́.

Páìnì tí ń súfèé ni àwọn ènìyàn ń pe igi náà, nítorí ìró tí atẹ́gùn ń mú jáde lára rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ni Casuarina equisetifolia. Páìnì gidi tí wọ́n ti gbìn ní Nàìjíríà ni Pinus caribaea. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ Látìn wọ̀nyí: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dà bí orúkọ agbo ilé, èkejì dà bí orúkọ àbísọ.

Báwo ni ẹ ó ṣe dá wọn mọ̀? Ẹ já ewé wọn. Ewé Pinus caribaea gùn bí abẹ́rẹ́, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì sábà máa ń so pọ̀ ní ìdí. Èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ ewé lára Casuarina, ẹ̀ka tín-ín-rín ni. Bí ẹ bá fà á, yóò já ní oríkèé. Èso ni ó máa ń tan ènìyàn, nítorí ti àwọn méjèèjì le, ó sì jọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré. Ṣùgbọ́n Casuarina ń yọ òdòdó. Páìnì kì í yọ òdòdó. Ìhòòhò ni hóró rẹ̀ wà láàárín ìpẹ́ èso náà. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kónífà. Tuja tí àwọn kan ń gbìn síwájú ilé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Orúkọ Látìn pàápàá a máa yí padà. Thuja orientalis ni tuja yìí tẹ́lẹ̀. Platycladus orientalis ni báyìí. Ìrókò wa náà ti kúrò ní Chlorophora excelsa, ó di Milicia excelsa. Nítorí náà, bí ìwé méjì kò bá bára mu, ẹ béèrè bóyá igi kan náà ni.

Casuarina kì í ṣe igi burúkú o. Ó dára fún igi ìdáná, òpó àti ìdènà atẹ́gùn, ó sì ń fi oúnjẹ kún ilẹ̀. Pákó rẹ̀ ni ó máa ń sán, tí ó sì máa ń lọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ páìnì, kí ó ní kí òǹtajà kọ Pinus caribaea sórí rìsíìtì kí ó tó sanwó. Kí ó sì bu erùpẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ páìnì tí ó ti dàgbà, kí ó pò ó mọ́ erùpẹ̀ tí yóò fi tọ́ ọmọ igi náà. Irú olú kan wà nínú erùpẹ̀ yẹn tí ń bá gbòǹgbò páìnì wá oúnjẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ igi náà yóò ràn.