Ọmọ tí ìlú Abidjan bí, tí ìlú Abidjan lù pa: Fíìmù kan tó yẹ kí gbogbo òbí wò

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, irú ilé wo ni wọ́n wò nílùú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, tí wọ́n fi ń pe ọmọ ọdún méjìlá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní 'Microbes'? Kòkòrò àrùn ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Faransé, àwọn kòkòrò tín-íntín tí ojú lásán kò lè rí, àmọ́ tí wọ́n ń wọ ara èèyàn lọ, tí wọ́n sì ń pani. Orúkọ tí aráàlú fún ọmọ tí wọ́n bí láàárín ara wọn nìyẹn. Lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àti ikú oró tó pa ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, ni ọmọ Abidjan kan gbé fíìmù kalẹ̀ lé, fíìmù náà kò sì jẹ́ kí oorun tètè kun ẹni tó bá wò ó tán.

'La Nuit des rois' ni wọ́n ń pè é, ìyẹn 'Alẹ́ Àwọn Ọba' bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Philippe Lacôte, ẹni tí wọ́n bí sí Abidjan lọ́dún 1969, ló ṣe é. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù tó máa ń wáyé ní Venice, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Òun ni Côte d'Ivoire fi ránṣẹ́ láti dupò fún ẹ̀bùn Oscar, ó sì wà lára fíìmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà nínú gbogbo èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi sílẹ̀. Kì í ṣe ohun kékeré fún orílẹ̀-èdè tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe fíìmù púpọ̀ lọ́dún.

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n tó tóbi jù lọ ní Abidjan, MACA, tó wà ní Yopougon, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Lacôte mọ ibẹ̀ dáadáa. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n fi ìyá rẹ̀ sí àtìmọ́lé níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ibẹ̀ lọmọ náà sì ti máa ń lọ wo ìyá rẹ̀. Nínú fíìmù náà, wọ́n gbé ọmọkùnrin gbéwiri kan wọ ọgbà náà. Kò pẹ́ tó fi rí i pé kì í ṣe àwọn wọ́dà ló ń ṣàkóso níbẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ló ń jọba lórí ẹlẹ́wọ̀n. Olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n Dúdú, ń ṣàìsàn. Òfin wọn sì ni pé bí olórí kò bá lágbára mọ́, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀. Kí ọjọ́ ikú rẹ̀ má baà tètè pé, ọkùnrin náà yan ọmọ tuntun yìí gẹ́gẹ́ bí apìtàn, pé lóru ọjọ́ tí òṣùpá bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, òun ni yóò pìtàn fún gbogbo ẹlẹ́wọ̀n.

Ọmọ náà rò pé eré ni, àfìgbà tí ẹnì kan ta á lólobó pé bí ìtàn náà bá ti parí, wọn yóò pa òun náà. Ẹ ò rí i pé àlọ́ di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè! Ó gbọ́dọ̀ máa fa ìtàn náà gùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ àlọ́ ní kékeré, ẹ mọ̀ pé apàlọ́ nìkan kọ́ ló ń pa á. Àwọn tó ń gbọ́ ló ń gbe orin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí. Bí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń fi ara ṣàpèjúwe ohun tó ń sọ. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ló máa ń kẹ́yìn àlọ́ tiwa, ìkọ́ irin tí wọ́n yóò fi pa apìtàn ló wà níparí tiwọn.

Ìtàn ta ni ọmọ náà wá ń sọ? Ìtàn Zama King ni, olórí àwọn Microbes tí òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Lacôte kò hùmọ̀ ọkùnrin yìí. Zama kan wà lóòótọ́ ní Abidjan. Olórí ẹgbẹ́ Microbes ni, lọ́dún 2015 ni àwọn èrò dá sẹ̀ríà fún un fúnra wọn, wọ́n lù ú pa, àwòrán òkú rẹ̀ sì tàn káàkiri lórí fóònù. Ohun tí fíìmù náà ṣe ni pé ó mú ọ̀dọ́ tí gbogbo ìlú mọ òkú rẹ̀ ju ayé rẹ̀ lọ, ó wá ń bèèrè pé: ọmọ ta nìyí, báwo ló ṣe dé ibi tó dé?

ORÚKỌ TÍ WỌ́N RÍ NÍNÚ FÍÌMÙ MÌÍRÀN

Kàyééfì ibẹ̀ ni pé inú fíìmù ni orúkọ Microbes náà ti jáde wá. Lọ́dún 1997, Paulo Lins, ọmọ ilẹ̀ Brazil, kọ ìwé ìtàn kan nípa àdúgbò Cidade de Deus ní Rio de Janeiro, níbi tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà sí. Lọ́dún 2002, Fernando Meirelles àti Kátia Lund sọ ọ́ di fíìmù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ló pọ̀ nínú àwọn tó ṣeré níbẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń jalè, tí wọ́n sì ń yìnbọn. Ẹni tó bá wò ó kò lè gbàgbé ibi tí ọ̀gá ọ̀daràn kan ti ká ọmọdé méjì mọ́ igun, tó yìnbọn sí wọn lẹ́sẹ̀, tó tún wá pàṣẹ fún ọmọ mìíràn pé kó pa ọ̀kan nínú wọn. Nínú èyí tí wọ́n túmọ̀ sí Faransé, Microbes ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí. Nígbà tí irú wọn yọjú ní Abobo, àdúgbò ńlá kan ní Abidjan, orúkọ náà ti wà nílẹ̀ dè wọ́n.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, fíìmù kọ́ ló kó àdá lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wo fíìmù kan náà ní Paris àti ní Èkó tí kò ṣá ẹnikẹ́ni. Ogun ló kó o lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí. Lóṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n dìbò ààrẹ ní Côte d'Ivoire. Àjọ elétò ìdìbò ní Alassane Ouattara ló wọlé, Laurent Gbagbo tó wà lórí àlééfà ní òun kò lọ. Láàárín oṣù bíi márùn-ún, nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún (3,000) èèyàn ló kú. Abobo wà lára ibi tí ìjà ti gbóná jù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa obìnrin méje lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2011 níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwọ́de láìmú ohun ìjà kankan dání. Nígbà tí wọ́n mú Gbagbo lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹrin, àwọn àgbà ní ogun ti parí. Ṣùgbọ́n ogun kò tíì parí nínú orí ọmọ tó ti ń fo òkú kọjá lọ ra búrẹ́dì. Francis Akindès, onímọ̀ nípa àwùjọ ní yunifásítì Bouaké, wà lára àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó sì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó di mímọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ti bá àwọn tó ń jagun ṣọ́nà, wọ́n ti bá wọn jíṣẹ́, wọ́n sì ti mọ bí ìbẹ̀rù ṣe ń sọ aláìlágbára di ọ̀gá.

Látọdún 2011 lọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Abobo, kí ó tó di pé ó ràn dé Adjamé, Attécoubé àti Yopougon. Àdá àti ọ̀bẹ ni ohun ìjà wọn. Àwọn mìíràn á ti lo oògùn olóró kí wọ́n tó jáde. Wọ́n á ya bo òpópónà, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á gba àpò, wọ́n á sì ṣá ẹni tó bá jà padà àti ẹni tí kò jà pàápàá. Àwọn ìyá tó ń jí lọ sọ́jà ní ìdájí àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ lálẹ́ ló jẹ nínú ìyà náà jù. A kò gbọdọ̀ fi àánú ọmọ gbàgbé àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí wọ́n gé lápá kò ní kí á máa bi òun bóyá ọmọ tó gé òun ní ìyá.

ÌLÚ TÓ DI ADÁJỌ́

Ìjọba kò sùn. Wọ́n kó ọlọ́pàá jáde lọ́pọ̀ ìgbà láti lé wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n má pè wọ́n ní Microbes mọ́, kí wọ́n máa pè wọ́n ní àwọn ọmọ tó forí gbárí pẹ̀lú òfin. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí ibùdó kan ní M'Bahiakro, wọ́n ń tún ìwà wọn ṣe, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti jinlẹ̀ lọ́kàn aráàlú, sùúrù sì ti tán. Bọ́wọ́ bá tẹ ọ̀kan, ẹlòmíràn kì í dúró de ọlọ́pàá mọ́. Báyìí ni Zama ṣe kú.

Ibí yìí gan-an ni fíìmù Lacôte ti gún wa lọ́kàn jù. Ẹ wo àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń gbọ́ ìtàn. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń sọ pé kó tẹ̀síwájú, wọ́n fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ yóò kú, èyí kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti gbádùn ìtàn rẹ̀. Kí ló fi wọ́n yàtọ̀ sí àwọn tó na fóònù sókè tí wọ́n ń ya ẹni tí wọ́n ń lù pa? Kí ló fi wọ́n yàtọ̀ sí èmi àti ìwọ tí wọ́n fi fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí, tá a wò ó tán, tá a tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn? Ọmọ wa tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ń wò ó. Bó ṣe ń kọ́ pé ẹ̀mí èèyàn kò ju ti adìẹ lọ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tó ń dunni. Lóṣù kẹjọ ọdún 2018, Ààrẹ Ouattara kéde ìdáríjì fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rin (800) èèyàn lórí ọ̀rọ̀ rògbòdìyàn náà, Simone Gbagbo sì wà lára wọn. Ọkọ rẹ̀ nígbà náà jàre ní ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague lọ́dún 2019, ó sì padà sílé lóṣù kẹfà ọdún 2021. A kò sọ pé ìdáríjì kò dára, ìlú tó bá jà gbọ́dọ̀ parí ìjà. Àmọ́ àwọn àgbà rí ọ̀nà láti dárí ji ara wọn. Ọmọ tó kọ́ ìwà ipá lára ogun àwọn àgbà, èrò ọ̀nà ló ṣèdájọ́ tirẹ̀.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Faransé nìyẹn. Rárá o. Ẹni tó bá dé Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yóò gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abidjan. Mọ́tò ń gbéra láti Èjìgbò, ó ń gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá lọ sí Abidjan tààrà. Àwọn èèyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, ti ń tajà ní Treichville, Adjamé àti Abobo láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjà tí àwọn ọmọ náà ń ya bò, ìyá tiwa náà ń ná an.

Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀húrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Ṣé a ti gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti ìlú pa nítorí àrùn kòrónà? Ìròyìn àwọn 'One Million Boys' kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àdúgbò sùn ní Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn baba ọlọ́mọ ń dáná táyà lóru, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣé a kò gbọ́ nípa àwọn ọmọ 'Awawa' ní Agége, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì hu irùngbọ̀n? Ìdájọ́ èrò ọ̀nà náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Lóṣù kẹwàá ọdún 2012, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ni wọ́n lù, tí wọ́n dáná sun ní Aluu, ní ìpínlẹ̀ Rivers, lórí ẹ̀sùn olè. Lóṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọlọ́kadà lu ọkùnrin kan pa ní Lekki, wọ́n sì sun ún, lórí àríyànjiyàn owó tí kò tó nǹkan.

Àwọn kan yóò ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló dàgbà ní Abobo, tí ogun ṣojú wọn, tí wọn kò mú àdá. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni ẹni tó bá pànìyàn ṣe gbọ́dọ̀ rí ìjà òfin, ìbáà jẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n níwájú adájọ́ ni, lójú mọ́mọ́, níbi tí ẹni tí wọ́n ṣe níkà yóò ti sọ ti ẹnu rẹ̀, tí wọn yóò sì bi ọmọ náà pé ta ló rán an, ta ló ń ra fóònù tó jí, ta ló ń ta oògùn fún un. Òkú kì í dáhùn ìbéèrè. Gbogbo ìgbà tí èrò bá lu ọmọ kan pa, àgbàlagbà tó fi ọmọ náà ṣòwò ni wọ́n gbà là.

Ẹ wá fíìmù náà wò, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin olórí àdúgbò. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ kékeré. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ jáde síta, kí ẹ ka iye ọmọ tó wà lábẹ́ afárá àti ní gáréèjì yín tí kò lọ sílé ìwé, kí ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Abidjan ti rí i. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwa náà dúró dìgbà tí a óò rí i ká tó gbọ́n.