Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ: Bí èèyàn ṣe lè mọ iye tí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó, kó tó rà á tún ṣe

Bóyá ni ìlú tàbí abúlé kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kò ti mọ píkọ́ọ̀pù Peugeot 504. Òun ló ń kó kòkó jáde láti oko, òun ló ń gbé gbáàgúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó lọ sọ́jà, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èrò àti ẹrù ló ń jókòó pa pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot nílẹ̀ Faransé kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ 504 jáde, nígbà tó sì di ìparí àwọn ọdún 1970 ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tẹ̀lé e. Láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN tó wà ní Kaduna ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Nàìjíríà, wọn kò sì ṣíwọ́ títo 504 títí wọ àárín àwọn ọdún 2000. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà dunjú fi pọ̀, tí èèyàn sì ṣì lè wá ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ sí ọjà Ládìípọ̀ ní Mushin, l'Ékòó, tàbí ọjà Aráròmí ní Agodi-Gate, n'Ìbàdàn.

Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn píkọ́ọ̀pù yìí ló ti dákẹ́. Àwọn kan wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé olóògbé, àwọn mìíràn wà nínú ọgbà mẹkáníìkì tí koríko ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lójú ẹni tó fẹ́ rà á, ó máa ń dà bí ọ̀fẹ́, nítorí pé owó tí wọ́n ń pè é kéré gan-an sí owó èyí tó ń rìn. Owó ìfẹ̀yìntì làwọn kan fi ń rà á, àwọn mìíràn a yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, pẹ̀lú ìrètí pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọkọ̀ yóò ti máa mówó wọlé. Ọdún méjì á kọjá, ọkọ̀ á ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù, gbèsè á sì ti wọlé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Owó tí wọ́n fi ra òkú ọkọ̀ ni ẹẹ́fà. Owó tí ọkọ̀ náà yóò jẹ kó tó jí ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó kì í ṣe iye tí ẹni tó ń tà á bá fẹnu pè. Ọ̀nà tó tọ́ láti fi díwọ̀n rẹ̀ ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ wádìí iye tí píkọ́ọ̀pù irú rẹ̀ kan náà, tó dára tó sì ń ṣiṣẹ́, ń tà ní àdúgbò rẹ̀. Kó yọ gbogbo owó ẹ̀yà ara àti owó iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Kó tún yọ owó díẹ̀ sí i fún àléébù tí ojú kò tíì rí, nítorí kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tú tí kò ní bá wọn ṣe àwámárìídìí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni iye tí ọkọ̀ náà tó.

Ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é, nítorí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ká ní èyí tó dára ń tà ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà (₦3,000,000), tí àtúnṣe èyí tó wà nílẹ̀ yóò sì ná èèyàn ní ₦2,200,000. Bí a bá fi ìdá mẹ́rin àtúnṣe náà, ìyẹn ₦550,000, kún un fún ohun tí a kò rí, gbogbo rẹ̀ di ₦2,750,000. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ₦250,000 lọ. Bí ẹni tó ń tà á bá wá ń béèrè ₦800,000, tó sì ń sọ pé nítorí ojú àánú ni, ẹni tó bá san án ti pàdánù ₦550,000 kí mẹkáníìkì tó gbé sípánà rárá. Bí ohun tó ṣẹ́ kù bá tilẹ̀ kéré sí iye tí àwọn tó ń ra àlòkù irin yóò san lórí ìwọ̀n rẹ̀, ọkọ̀ náà ti kọjá àtúnṣe. Ohun tí èèyàn ń tú ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn ló dà.

Kí ìṣirò yìí tó lè jóòótọ́, àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ péye, ara ọkọ̀ ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá ti gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dún, inú wọn á dùn. Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà lọ́jà, kí wọ́n sì gbé e wọlé. Irin tó bá ti dógùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀. Wẹ́dà ni yóò gé e kúrò, tí yóò jó òmíràn mọ́ ọn, bó bá sì ti gé ibì kan ni yóò máa rí ibòmíràn tó ti jẹrà. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ létí òkun, bíi Èkó àti Bàdágírì, ló yẹ kí èèyàn fura sí jù. Kí wọ́n ká rọ́bà ilẹ̀ ọkọ̀ sókè, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ wo àwọn irin gígùn tó gbé ẹrù dúró, pàápàá ibi tí àwọn sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Kí wọ́n fi ṣóńṣó súkúrúdíráfà tẹ irin náà. Bó bá wọlé, iṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀.

Ọ̀dà tuntun tún máa ń bo àṣírí púpọ̀. Òòfà kékeré tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tó bàjẹ́, tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé, yóò lẹ̀ mọ́ irin, ṣùgbọ́n kò ní lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti fi àmọ̀ bọ́dì fílà dí ihò. Bákan náà, bí ilẹ̀kùn kò bá pa dọ́gba mọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹrù àpọ̀jù ti tẹ irin abẹ́ ọkọ̀ náà.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù ni kí wọ́n tó ṣáná sí i. Ẹni tó ti ṣáná sí i kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé lè ní ohun tó ń fi pamọ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ó ń jó ọ́ìlì, èyí tó dúdú ń sọ pé epo pọ̀ jù, èyí tó funfun tí kò sì dáwọ́ dúró ń sọ pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Bí ọ́ìlì bá rí bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dà á rú. Álúmíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì 504 tó ń lo bẹntiróò, ó sì máa ń tẹ̀ bó bá gbóná jù. Àmọ́ ìtùnú wà nínú rẹ̀: àwọn sílíńdà rẹ̀ ṣeé yọ, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́ rárá, kí mẹkáníìkì fi sípánà yí i. Èyí tí kò bá yí, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀.

Ohun tí kò sí lára ọkọ̀ tún ń jẹ owó. Nínú ọgbà mẹkáníìkì, ọkọ̀ tí kò ní olùtọ́jú ni wọ́n ti ń yọ kábúrétọ̀, iná iwájú, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti dígí fún oníbàárà mìíràn. Kí èèyàn kọ gbogbo ohun tó sọnù sínú ìwé, kó sì mú ìwé náà lọ sọ́jà kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ìwé ọkọ̀ ló kẹ́yìn, àmọ́ òun ló lè sọ gbogbo iṣẹ́ náà di asán. Nọ́ńbà tó wà lára ṣáásí gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ti ha á tàbí jó irin mìíràn lé e, kí èèyàn máa lọ sílé rẹ̀ ni. Ẹni tó ra ohun tí wọ́n jí kò lè sọ pé owó tí òun san ti sọ ọ́ di tòun. Ewu wà nínú ọkọ̀ olóògbé pẹ̀lú. Ọmọ kan ṣoṣo lè tà á, kí ọkọ̀ tún jí tán, kí àwọn ọmọ tó kù wá sọ pé àwọn kò bá a tà á. Kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ogún náà fọwọ́ sí ìwé títà níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì yí orúkọ padà lọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí èrè kọ́ ni wọ́n ń wá. Ọkọ̀ tí bàbá wọn fi rán wọn níléèwé ni wọ́n fẹ́ kó máa rìn padà, kò sì sí ìṣirò tó lè díwọ̀n ìyẹn. Síbẹ̀, ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ iye tí ìfẹ́ náà yóò ná òun. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ gbọ́dọ̀ lè dìde kúrò níbẹ̀ bí iye tó ṣírò kò bá gbé iye tí wọ́n pè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, píkọ́ọ̀pù tó sì ti wà lábẹ́ máńgòrò láti ọdún mẹ́wàá lè dúró ní ọ̀sẹ̀ kan sí i kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.