Ilé Àgùdà, Oúnjẹ Éṣíà: Ẹ Jẹ́ Ká Fẹsẹ̀ Rìn Láti Ìta Tinúbú Dé Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ oníròyìn ní kí n ṣàlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kì í ṣe. Ohun náà ni ìrìn tí afinimọ̀nà máa ń mú èèyàn rìn káàkiri ìlú, tí wọ́n á máa wo ilé àtijọ́, tí wọ́n á sì máa jẹun lọ́nà. Àwọn kan nínú wa ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Wọ́n ní ta ló fẹ́ náwó torí àtiwo ilé tó ti gbó? Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé irú ìrìn yìí lè mú kí ilé kan dúró, kí wọ́n má wó o.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Afinimọ̀nà á yan ibi bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò jìnnà síra. Á ti lọ gba àyè lọ́wọ́ àwọn onílé ṣáájú. Tí ẹ bá dé ibì kan, á sọ ẹni tó kọ́ ilé náà, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, á mú yín lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ. Oúnjẹ yẹn kì í ṣe fàájì lásán o. Ẹsẹ̀ á sinmi, olóúnjẹ á rówó, ẹ ó sì rí i pé ọ̀nà òkun tí ilé gbà wọ̀lú náà ni oúnjẹ gbà wọlé.

Ní Éṣíà, wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ìlú méjì wà ní Màlééṣíà, Melaka àti George Town. Àwọn Potogí gba Melaka ní 1511. Ilé àtijọ́ ibẹ̀ jọ ti Èkó lọ́nà kan: ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, onílé ń gbé lókè. Ní 2008, UNESCO fi ìlú méjèèjì sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Àwọn èèyàn ń wá láti ibi gbogbo, wọ́n ń wo ilé, wọ́n sì ń jẹ nasi lemak, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Ẹ fi àgbọn yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ìta Tinúbú

Ibí ni kí ìrìn tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú ni wọ́n fi pe ibẹ̀. Oníṣòwò ńlá ni ní Èkó láyé Ọba Akítóyè àti Ọba Dòsùnmú. Ó ta iyọ̀, tábà àti ìbọn, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú. Kí a má fi ìyẹn pamọ́. Ní 1856, kọ́ńsùlù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, rí i pé wọ́n lé e kúrò nílùú. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1887. Ẹni tí wọ́n lé lọ ló padà di orúkọ àárín ìlú.

Omi tó ń tú sókè ní Ìta Tinúbú, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé orílẹ̀-èdè wa ló fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà tí a gba òmìnira ní 1960. Ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti abúlé kan tó ń jẹ́ Miziara, tí wọ́n wá ṣòwò níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo máàpù: Éṣíà ni Lẹ́bánónì wà. Nítorí náà, ṣàwámà tí gbogbo wa ń sáré rà lálẹ́ Friday, oúnjẹ Éṣíà ni. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ Tọ́kì tó túmọ̀ sí ohun tó ń yí, torí pé ẹran náà máa ń yí lára irin níwájú iná. Èkó gbà á, ó fi ata sí i, ó ki sọ́sééjì bọ̀ ọ́. Wọ́n ní Èkó gba olè, ó gba ọ̀lẹ. Ó gba ṣàwámà náà.

Ilé tí kò sí mọ́

Ní Ìta Tinúbú yìí kan náà, níbi tí òpópónà Bámgbóṣé ti bẹ̀rẹ̀, ilé kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ibi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu ni wọ́n sì fi ṣe. Ní 1933, Alfred Ọmọ́lànà Ọláìyá rà á. Òun ni bàbá Victor Ọláìyá, ògbólógbòó olórin háìláìfù tí àwọn òbí wa ṣì ń jó sí orin rẹ̀. Ní 1956, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè ni, kò gbọdọ̀ wó.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Sunday, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé tó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún! Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti ilé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá tún kọ́ nǹkan síbẹ̀ lónìí, kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́ ti àkọ́kọ́.

Àwọn Àgùdà àti ilé wọn

Ta ni àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀? Àwọn Àgùdà ni. Ọmọ wa ni wọ́n, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, gbógun ti àwọn ọ̀gá wọn ní Bahia. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan, àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n sì wọkọ̀ wálé. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ìsìn Kátólíìkì, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà títí dòní.

Bírílà, káfíńtà àti télọ̀ pọ̀ nínú wọn. Ògiri ilé wọn nípọn kí inú rẹ̀ lè tutù. Orí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà tẹ̀ bí òṣùmàrè. Wọ́n máa ń ya òdòdó àti ìlà sára ògiri, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà pupa rúsúrúsú tàbí ọ̀dà òféèfé. Bàráńdà onírin máa ń wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí onílé sì lè wo ìta. Iná mànàmáná kò sí, fáànù kò sí, síbẹ̀ wọ́n sùn dáadáa.

Ní òpópónà Kakawa, tí kò jìnnà sí Ìta Tinúbú, ẹ ó rí ilé tí wọ́n ń pè ní Ilé Olómi. João Ẹ̀ṣan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, ló ni ín. Kànga wà nínú ọgbà náà. Kí omi ẹ̀rọ ìjọba tó dé Èkó, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ra omi, Candido ọmọ rẹ̀ sì di olówó ńlá.

Ẹ lè ti ibẹ̀ kọjá sí Popo Àgùdà àti Campos. Èmi àti àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa rìn débẹ̀ ní Sátidé kan. A dúró síwájú ilé kan, a ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ìyá kan tó ń ta nǹkan jíjẹ níbẹ̀ pè wá.

“Ẹ kúulẹ̀ mà,” la wí.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá ya fọ́tò ilé yìí. Wọ́n á yà á tán, wọ́n á wọ mọ́tò wọn lọ. Ẹ̀yin, ẹ ó jẹ nǹkan àbí ẹ ò ní jẹ?”

A jẹun o. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló yé mi jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Fọ́tò kì í tún òrùlé ṣe.

Ohun tí àgbọn ń sọ

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, kí Àjíǹde tó dé, àwọn ìdílé Àgùdà máa ń se fùrẹ́jọ́ọ̀nù. Orúkọ yẹn wá láti inú ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí ẹ̀wà. Wọ́n á se ẹ̀wà náà rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúná, wọ́n á fi omi àgbọn sè é, wọ́n á sì fi ẹja díndín àti ata jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn máa ń fi gàárì sí i.

Ẹ̀wà jẹ́ tiwa nílẹ̀ Áfíríkà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àgbọn ńkọ́? Àgbọn tó wà létí òkun wa, láti apá Íńdíà ni irú rẹ̀ ti wá. Àwọn ọkọ̀ Potogí ló gbé e yí Áfíríkà ká dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì gbé e dé Bràsíl pẹ̀lú. Nítorí náà, ìkòkò fùrẹ́jọ́ọ̀nù kan ṣoṣo kó Áfíríkà, Bràsíl àti Éṣíà pọ̀. Ẹ rántí nasi lemak tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n.

Àwọn mìíràn tún wà. Kọ́rì tí a ń fi sínú ìrẹsì òde, ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní ẹ̀tù tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé. Indomie tí a ń sè ní bọ́díńgì, ọmọ Indonéṣíà ni. Ní 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ kó o wọ Nàìjíríà, kí wọ́n tó wá dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ta ló tún ń pè é ní oúnjẹ àlejò báyìí?

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey àti Ìgá

Tí ẹ bá padà sí apá Balógun, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà ní òpópónà Martins. João Baptista da Costa, ọ̀gá bírílà Àgùdà, ló darí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń kọ́ mọ́ṣáláṣí, ẹ ò rí i pé ìfẹ́ wà! Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894. Abdul Hamid Kejì, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, ló fi oyè “Bey” ta Mohammed Shitta, tó náwó kọ́ ọ, lọ́rẹ. Wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀ títí dòní, ìdí nìyẹn tó fi dúró.

Ìparí ìrìn ni Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Orí oko ata Aromire ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn Potogí bá wọn kọ́ apá kan rẹ̀ nígbà Ọba Akinṣemóyìn. Ẹ má kàn ya wọlé o. Ẹ bọ́ fìlà, ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tọrọ àyè. Ẹ má sì ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìbéèrè.

Kí ló dé tí ìkòkò fi pẹ́ ju ògiri lọ?

Ìbéèrè yìí ni mo ń rò bọ̀. Ilé àti oúnjẹ jọ gba orí òkun wá. Fùrẹ́jọ́ọ̀nù ṣì wà, Ìlọ́jọ̀ Bar ti lọ. Ohun tí mo rí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìkòkò lè se fùrẹ́jọ́ọ̀nù lọ́dọọdún, ọmọ á wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, á mọ̀ ọ́n sè. Ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ń fẹ́ owó, ó ń fẹ́ bírílà tó mọ iṣẹ́ àtijọ́, ó sì ń fẹ́ kí ọmọ ogún ilé náà fohùn ṣọ̀kan. Orúkọ inú ìwé ìjọba kò mú owó wá. Tí òrùlé bá ń jò, tí ẹnì kan sì wá fi owó ńlá lọ ìdílé pé òun fẹ́ kọ́ pílásà, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?

Àfi kí ilé náà máa pawó. Ẹ wo Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2010, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Lónìí, àwọn èèyàn ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń ṣe eré níbẹ̀, ìtàn ẹ̀wọ̀n náà kò sì parẹ́. Ohun tí ìrìn àfẹsẹ̀rìn lè ṣe fún àwọn ilé tó kù nìyẹn: kí onílé gba díẹ̀, kí afinimọ̀nà gba díẹ̀, kí ìyá olóúnjẹ náà gba tiẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ilé ìwé ni pé kí ìrìn-àjò kíláàsì wa tó ń bọ̀ jẹ́ ìrìn yìí. Owó mọ́tò kò pọ̀. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú omi, bàtà tó rọrùn, àti owó tó máa fi jẹun lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò náà. Ẹ má gbé ráìsì láti ilé o. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibí yìí.