Ṣé O Mọ̀? Híńdì Létí Ọmọ Èkìtì

Ṣé o mọ̀ pé ní Híńdì, ebi ló ń ṣe ènìyàn, bíi ti ilé wa gẹ́lẹ́? "Mujhe bhookh lagi hai" ni wọ́n ń wí. Bhookh, ìyẹn ebi, ni olùwà gbólóhùn. Mujhe ni ẹni tí ọ̀ràn náà bá. Òùngbẹ ńkọ́? "Mujhe pyaas lagi hai." Bí òtútù bá ń mú wọn, "mujhe thand lag rahi hai." Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi ẹni tí ebi ń pa ṣe olùwà. Nítorí náà, ọmọ Ìkọ̀lé tàbí Ìdó tó bá fẹ́ kọ́ Híńdì, kó má gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀nà ilé yá jù.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń yọ ọ̀kan kúrò lára nọ́ńbà bí àwa náà ṣe ń yọ ọ́? Ogún ni bees, mọ́kàndínlógún ni unnees. Ọgbọ̀n ni tees, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni untees. Ogójì ni chaalees, mọ́kàndínlógójì ni untaalees. Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí dé 79. 89 àti 99 nìkan ni kò tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ṣoṣo ni tiwọn máa ń dín, tiwa ń dín títí dé márùn-ún. Inú mi dùn gan-an sí èyí, nítorí wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa pé ìṣirò Yorùbá ṣòro láìnídìí.

Ọdún 1949, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ni ìgbìmọ̀ tó ń kọ òfin Íńdíà fi Híńdì ṣe èdè ìjọba. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ará Íńdíà ló ń sọ ọ́ nílé. Àwọn olùkọ́ ará Íńdíà tó kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Kerala, Malayalam sì ni èdè ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé "kal" ni àná, "kal" náà sì ni ọ̀la? Ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbẹ̀yìn gbólóhùn ló ń là á: "kal aaya", ó dé lánàá, "kal aayega", yóò dé lọ́la.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà pe ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: aap fún àgbà, tum fún ẹgbẹ́, tu fún ẹni tó súnmọ́ni pẹ́kípẹ́kí, àti fún Ọlọ́run nínú àdúrà. Àwa náà ń pe Ọlọ́run ní Ìwọ. Nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì àtijọ́, ìwọ ni ọmọ ń pe bàbá rẹ̀ pàápàá; orí ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni ọ̀wọ̀ wà. Àwọn ará ibòmíràn ń pè é ní àfojúdi, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọ̀yẹ́ tó ń sọ Èkìtì nílé, tó ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò níta, ti mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni akọ àti abo. "Voh" kan náà ni ọkùnrin àti obìnrin, bí "ó" tiwa, àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń yà wọ́n. Ọkùnrin á ní "main chai peeta hoon", mo máa ń mu tíì. Obìnrin á ní "peeti hoon". Ilé, ghar, akọ ni. Ìwé, kitaab, abo ni. Bí o bá ń kọ́ orúkọ nǹkan, kọ́ akọ tàbí abo rẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, nítorí bí iṣẹ́ bá ti parí, ohun tí a jẹ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹni tó jẹ ẹ́. Bí o bá ní Sita ti jẹ máńgòrò, "Sita ne aam khaya" ni: obìnrin ni Sita, akọ ni khaya, torí akọ ni máńgòrò. Bó bá jẹ́ Ram ló jẹ roti, tí roti jẹ́ abo, "Ram ne roti khayi" ni wàá wí.