Lẹ́yìn Ẹsẹ̀ńtáyé: Ìtọ́jú Ìbejì Jòjòló nílẹ̀ Ìbàràpá

Kì í ṣe ohun tuntun fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé bí wọ́n bá bímọ, ní ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ tó súnmọ́ ọn, wọ́n á ránṣẹ́ pe babaláwo kó wá wo ẹsẹ̀ tí ọmọ náà gbé wá sáyé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ẹsẹ̀ńtáyé. Odù tó jáde, orí ọmọ, iṣẹ́ tí yóò ṣe, òrìṣà tí yóò bọ, èèwọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ la ó là yé bàbá àti ìyá rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Nígbà tí a bá ti kó ikin padà sínú àwo, tí a ti sọ ẹbọ, ọmọ náà ṣì wà lórí ẹní níwájú wa. Níbo ni yóò sùn lálẹ́ yìí? Kí ni wọ́n ń fún un mu? Kí ni wọ́n fi sí ìwọ́ rẹ̀? Ta ló ń wẹ̀ ẹ́, báwo ló sì ṣe ń wẹ̀ ẹ́?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan awo kò ṣòro láti rí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àlejò tí ń wọ yàrá ìyá ọmọ kò pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ̀, nọ́ọ̀sì lè má fojú kan ọmọ náà títí di ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Awo ló jókòó sórí ẹní, tí ojú rẹ̀ kan ojú ìyá, tí ọmọ wà láàárín wọn. Ohun tí awo bá sì sọ lọ́jọ́ yẹn, ìdílé kì í gbàgbé rẹ̀. A mọ àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí kò jẹ òkété rí, nítorí wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí i pé èèwọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ tó báyìí kò gbọdọ̀ dìde láì wo bí ọmọ ṣe wà.

Nílẹ̀ Ìbàràpá, ẹrù yìí tún wúwo sí i. Ní ìlú méjèèje, Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, ojú wa kì í pẹ́ kan ìbejì, Igbó-Ọrà ló sì gba iwájú. Ìwádìí tí dókítà Nylander ṣe láàárín 1972 sí 1982 fi hàn pé nínú ìbímọ 1000 ní apá ọ̀dọ̀ wa, ìbejì máa ń tó 45 sí 50. Ní gbogbo àgbáyé lónìí, nǹkan bí 12 ni. Láti 2018 ni Igbó-Ọrà ti ń ṣe ọdún ìbejì tí àlejò ń wá wò láti òkèèrè. Àwọn ará ìlú ní ọbẹ̀ ilasa àti àmàlà ló fà á; àwọn onímọ̀ kò tíì fìdí èyí múlẹ̀, a ò sì ní dúró lórí rẹ̀. Ohun tó kàn wá ni pé ìbejì máa ń tètè dé, wọ́n sì máa ń kéré. Ọmọ tí kò tó kìlò méjì ààbọ̀ nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ tó kéré ni, ọ̀pọ̀ ìbejì ni kì í sì í tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ewu yìí. Ẹ wo ère ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère fún un, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn kùn ún, á máa bọ́ ọ bó ti ń bọ́ èyí tó wà láàyè. Lónìí, ère wọ̀nyí kún ilé àkójọ nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn òyìnbó sì ń yìn wọ́n fún ẹwà. Wọ́n lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan tó lọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn dúró fún, ẹni tó bá sì ka iye wọn yóò mọ iye omijé tó ti bọ́ nílẹ̀ yìí.

Òtútù ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ọmọ tó kéré. Kò ní ọ̀rá lára tí yóò fi mú ara rẹ̀ gbóná. Àwọn dókítà ní ìlú Bogotá, nílẹ̀ Kòlóńbíà, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní 1978 tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n gbé ọmọ sáàárín ọmú ìyá rẹ̀, ara kan ara, kí ó wà níhòòhò àfi ìtẹ́dìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀já dè wọ́n pọ̀. Àwa tí à ń pọn ọmọ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká pè é ní pípọn sáyà. Àwọn onímọ̀ dán an wò ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ilé-Ifẹ̀ sì wà nínú ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021. Lára àwọn ọmọ tí kò tó kìlò 1.8, àwọn tí wọ́n pọ̀n sáyà láti ìgbà tí wọ́n bí wọn, nǹkan bí 12 nínú 100 ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú lọ́nà àtijọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Èyí kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Bó bá jẹ́ ìbejì, ìyá á gbé ọ̀kan, bàbá á gbé èkejì. Bàbá náà ní àyà, ẹ má jẹ́ kó fi ìtìjú sá.

Nípa ìwẹ̀, kí wọ́n má wẹ ọmọ kí wákàtí 24 tó pé, kí èyí tó kéré gan-an sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ilẹ̀kùn wà ní títì kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i, kí wọ́n sì tètè nù ún gbẹ. Òrí kò burú. Àwọn ìyá àgbà wa máa ń ju ọmọ sókè, wọ́n á fa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kí ara rẹ̀ lè le ni. Ọrùn ìbejì ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò gba èyí. Bẹ́ẹ̀ ni fífún ọmú ọmọ: ọmú tó wú láyà ọmọ tuntun, láti ara ìyá rẹ̀ ló ti wá, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fún un ló ń sọ ọ́ di eéwo.

Ẹ jẹ́ ká wá kan ọ̀rọ̀ agbo, torí ibẹ̀ ni ìjà wà. A ò kọ agbo. Òun la fi dàgbà, ewé sì ni ọwọ́ ọ̀tún awo. Ṣùgbọ́n ṣebí àwa náà la máa ń sọ pé ewé ní òdiwọ̀n? Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ tí kò ju kìlò méjì lọ kò tíì gbó débi tí yóò fi lè yọ ohun tó wà nínú egbòogi dànù. Ìkùn rẹ̀ kò sì ju èso kékeré kan lọ: bí agbo tàbí omi bá ti kún un, ọmú kò ráyè mọ́. Ọmú nìkan ni kí ó jẹ́ fún oṣù mẹ́fà, omi lásán kò sí níbẹ̀. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n, tí àwọn kan ń fún dànù, òun gan-an ni ààbò tí ìyá fi ń ran ọmọ lọ́wọ́. Ní ti fífi ọwọ́ rọ agbo sí ọmọ lẹ́nu, tí wọ́n á tún dí i nímú kó lè gbé e mì, ọ̀nà ọ̀fun àti ọ̀nà èémí kò jìn síra, inú ẹ̀dọ̀fóró ni agbo máa ń gbà lọ.

Ìyá ìbejì á béèrè pé ṣé ọmú òun lè tó méjì. Ó lè tó. Mímu ni ń mú un wá. Bí ọmọ méjì bá ń mu ún, ti méjì ló máa sè. Kí wọ́n mu tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru. Èyí tí kò bá ní agbára láti fà á, kí wọ́n fún wàrà ìyá rẹ̀ sínú ife kékeré tó mọ́, kí wọ́n máa fi kan ètè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan wà tí a fẹ́ kí awo sọ kedere: Táyé ń ké, wọ́n gbé e; Kẹ́hìndé dákẹ́, wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Èyí tó dákẹ́ tí kò béèrè ọmú ni kí ẹ yẹ̀ wò, kí ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti tutù. Bí wọ́n bá ṣe fún ọ̀kan ní ọmú, kí wọ́n jí èkejì fún un. Àṣà wa ti ní kí ohun tí a ṣe fún ọ̀kan kí a ṣe é fún èkejì, ẹ lò ó.

Ìwọ́ ọmọ kò fẹ́ iyọ̀, kò fẹ́ ìgbẹ́ ẹran, kò fẹ́ ọṣẹ ìfọyín. Ibẹ̀ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbà wọlé. Àwọn ilé ìwòsàn ń fún àwọn ìyá ní jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% láti fi pa á lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n má fi í sójú ọmọ o! Àwọn kan ti ṣì í mú bí oògùn ojú, ó sì ti fọ́ ojú ọmọ. Bí a bá sì ní gbẹ́rẹ́ láti sín, abẹ tuntun ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tiwa ni pé kí ó dúró di ìgbà tí ọmọ bá le.

Ojú ọmọ tó pọ́n, èyí tí a ń pè ní ibà pọ́njú, ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di adití àti arọ nílẹ̀ wa. Nínú ọkùnrin márùn-ún ní Nàìjíríà, nǹkan bí ọ̀kan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àbùkù kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, tí kánfọ̀ fi lè ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́. Kánfọ̀ ni kóró funfun tí wọ́n ń kó sínú àpótí aṣọ. Aṣọ ìbejì sì rèé, ti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń kó jáde nínú àpótí! Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sóòrùn dáadáa, kí kánfọ̀ jáde pátápátá ní yàrá náà. Ojú tó bá pọ́n lọ́jọ́ kìíní, tàbí tí pípọ́n náà dé àtẹ́lẹsẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Gìrì ni wọ́n fi ń ji awo lóru jù. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ń ṣàyẹ̀wò agbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, ááyù àti efinrin ṣe. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ walẹ̀, ó sì ń dín èémí kù. Gìrì kọ́ ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn, oògùn rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, ẹ dà á ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, kí wọ́n máa gbé e lọ. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Igbó-Ọrà. Dókítà kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ó ku yàrá. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n tẹ́ ọmọ lé, kì í ṣe ìkùn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1991 tí wọ́n ti ń kéde èyí, ikú òjijì lójú oorun ti dín ju ìdajì lọ. Ibùsùn tó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí òkìtì aṣọ, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì bò ó. Ẹni tó ti mutí kò gbọdọ̀ sùn ti ìbejì, ẹ sì mọ̀ pé ọtí kì í wọ́n nílé ìkómọ. Àtùpà kò gbọdọ̀ wà níbi tí aṣọ lè ṣubú lù ú. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́nu fèrèsé. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa gbogbo ilé. Kẹrosíìnì inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò nísinsìnyí, torí ọmọ kì í pẹ́ rá. Èyí tó tún kàn wá jù ni ìdè Ifá: ọwọ́ ni kí a so ó mọ́ fún ọmọ jòjòló, kì í ṣe ọrùn, kí okùn rẹ̀ le, kí ìyá máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlẹ̀kẹ̀ tó já lè há ọmọ lọ́fun.

Àwọn awo kan ti dábàá pé kí a kúkú máa ka àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ èèwọ̀ ọmọ, pé bí a bá ní Ifá ló kọ kánfọ̀, kò sẹ́ni tí yóò dán an wò. A ò fara mọ́ ọn. Ohun tí Odù kò sọ, a kò gbọdọ̀ fi sí i lẹ́nu. Ẹ parí iṣẹ́ Ifá ná, ẹ wá sọ pé, “Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ìmọ̀ràn tèmi ni.” Wọ́n á gbà á, torí ẹnu tó ti inú rẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ ìkómọ, ó tún di ọwọ́ wa. Oyin, iyọ̀, ataare, omi, epo, gbogbo rẹ̀ la máa ń fi kan ọmọ lẹ́nu. Oyin nínú wọn léwu: ó lè ní kòkòrò kan tí kò ń ṣe àgbà ní nǹkan kan, àmọ́ tó ń rọ iṣan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí kò fi ní lè fa ọmú tàbí mí mọ́. Ní àwọn agbo ilé kan, ìyá ló ń tọ́ ohun àdúrà wọ̀nyí wò lórúkọ ọmọ, lẹ́yìn náà ni yóò fún un lọ́mú níṣojú gbogbo èèyàn. Báyìí ni kí a máa ṣe é: ìyá á tọ́ oyin wò fún Táyé, a ó wúre, á fún un lọ́mú, á tún tọ́ ọ wò fún Kẹ́hìndé, a ó wúre, á fún òun náà.