Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Rẹ̀

Ní ọ̀nà Kétu sí Pobè, ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. A tẹ ẹsẹ̀ lé e, kò lọ. A tún tẹ̀ ẹ́, ó fò síwájú lójijì. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn, kóòdù P0123 sì jáde. Ó ní capteur papillon ti bàjẹ́. A ra tuntun, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àìsàn náà padà dé.

Kí ni nǹkan yìí? Ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní papillon, èyí ni labalábá. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀, ó ń ṣí. Capteur ni ó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ó ti ṣí tó, kí ó lè mọ ìwọ̀n epo tí yóò fi sílẹ̀. Okùn iná mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan ń gbé fóltì 5 wá, ọ̀kan jẹ́ masse, ẹ̀kẹta ń mú ìròyìn padà lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. P0123 kò sọ pé capteur bàjẹ́. Ó sọ pé fóltì ìròyìn ga jù. Bí masse bá já, bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò rí. Bí ó bá jẹ́ pé fóltì 5 ni kò dé, fóltì ìròyìn yóò wálẹ̀, kóòdù yóò sì di P0122.

Ọ̀dọ́ kan ní Àjàṣẹ́ ni ó yanjú rẹ̀. Ó tú orí okùn náà, ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, ó sì mú multimètre. Láàárín okùn àkọ́kọ́ àti orí òdì bátìrì, fóltì 5 pé. Láàárín rẹ̀ àti okùn masse, bí ó ti ń mi okùn náà, 5 di òdo, òdo tún di 5. Bàbà inú okùn náà ti dógùn-ún, ó ti já sínú rọ́bà, níbi tí ojú kò lè rí i. Ó tún un ṣe, ó sì dá capteur padà. Ó wá ń tẹ pẹ́dálì díẹ̀díẹ̀: fóltì ìròyìn gòkè láti nǹkan bí 0,5 títí ó fi kọjá 4, láì já lulẹ̀ lójijì. Ìbá já lulẹ̀ lágbedeméjì ni, capteur fúnra rẹ̀ ni à bá dá lẹ́bi.

Owó capteur wa ti lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, fóltì tí ẹ kọ́ ní kíláàsì nìyẹn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Owó oníbàárà yín wà lọ́wọ́ yín.